Oríyìn fún Àwọn Tó Ń Fọwọ́ Ṣe Bébà ní Mino

Òṣùbà ràbàǹdẹ̀ la fẹ́ gbé lónìí fún àwọn tó ń fọwọ́ ṣe bébà ní ìlú Mino, ní ìpínlẹ̀ Gifu, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù. Iṣẹ́ àtìrandíran ni. Ìwé tí ìjọba ayé ìgbà náà fi kọ orúkọ àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dún 702, tí bébà rẹ̀ ti agbègbè Mino wá, ṣì wà nílé ìṣúra Shosoin ní ìlú Nara títí dòní. Ó ti lé ní 1,300 ọdún, bẹ́ẹ̀ ìwé ìròyìn tí a bá gbàgbé sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní kozo ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ìgbà òtútù bá dé, tí ewé wọ́ dànù tán, wọ́n á gé ẹ̀ka igi náà, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná sè é, wọ́n á sì bó èèpo rẹ̀ kó tó tutù. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha èyí tó dúdú lára rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku funfun nìkan. Funfun yìí ni wọ́n á rẹ sómi, tí wọ́n á tún fi omi eérú tàbí sódà sè, kí ohun tó ń mú kí bébà pọ́n, kó sì máa rún, lè jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wú wa lórí jù lọ ló kàn. Wọ́n á jókòó ti omi tútù, wọ́n á mú èèpo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìka tú u wò, wọ́n á sì máa ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀: àbàwọ́n dúdú kékeré, ojú ẹ̀ka, ibi tí kòkòrò ti jẹ. Omi náà tutù debi pé ọwọ́ á kú tipiri. Kẹ́míkà tó lè sọ gbogbo rẹ̀ di funfun láàárín wákàtí díẹ̀ wà lọ́jà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Wọn ò dà á sí i, torí pé ohun tó bá yára sọ ọ́ di funfun bẹ́ẹ̀ a máa jẹ agbára fọ́nrán rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti fi òòlù onígi lu èèpo náà di fọ́nrán, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n omi ńlá. Wọ́n á wá fún omi gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ tororo-aoi sí i. Ẹbí ilá ni ewéko yìí, yíyọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wá. Kì í ṣe pé ó ń lẹ bébà pọ̀ o. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí fọ́nrán rì tàbí kó ṣù pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè jò tán lórí asẹ́ oparun tí wọ́n fi ń bù ú. Àyè wá wà fún ẹni tó di asẹ́ mú láti mì ín síwá-sẹ́yìn, kó tún mì ín sọ́tùn-ún sósì, kí fọ́nrán lè gba orí ara wọn kọjá. Ìdí nìyẹn tí bébà Mino fi fẹ́lẹ́, síbẹ̀ tí yíya rẹ̀ kò rọrùn. Bí ooru bá mú, yíyọ̀ yìí á já, nítorí náà ìgbà òtútù tó le jù ni wọ́n ń ṣe èyí tó dára jù. Wọ́n á to èyí tó tutù lé ara wọn, wọ́n á tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sára pákó, oòrùn á sì gbẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ayàwòrán, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ń náwó lórí ọ̀dà, wọ́n á wá fi ohunkóhun tí ọwọ́ bá bà ṣe bébà. Ẹ gbé bébà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó: ṣé ó dọ́gba jálẹ̀, àbí ó ṣù níbì kan, ó sì lu níbì kan? Ẹ kán omi díẹ̀ sí igun èyí tí ẹ ti rà. Bó bá mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yíǹkì yóò tàn lórí rẹ̀. Irú èyí dára fún àwòrán tí a fi pákó fínfín tẹ̀, àmọ́ ọ̀dà olómi yóò bà á jẹ́, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi omi àtè àti álúmù pa á lójú bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń ṣe. Bó bá jẹ́ omi púpọ̀ ni iṣẹ́ yín ń fẹ́, bébà òwú tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 300 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó ló yẹ kí ẹ lọ rà. Ẹ má sì fojú di bébà torí pé ó fẹ́lẹ́. Rembrandt pàápàá, ayàwòrán ará Netherlands, láti nǹkan bí ọdún 1647, fi bébà Jàpáànù tẹ díẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Nígbà tí omi sì ya bo ìlú Florence ní Ítálì lọ́dún 1966, bébà Jàpáànù wà lára ohun tí wọ́n fi tún àwọn ìwé tó bàjẹ́ ṣe.

Lọ́dún 2014 ni UNESCO ka iṣẹ́ Mino, pẹ̀lú bébà Sekishu àti Hosokawa tí wọ́n ń ṣe ní Jàpáànù kan náà, mọ́ àwọn ogún àjọni aráyé. Oyè náà tọ́ sí wọn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kozo àti tororo-aoi ni a rò pé ìyìn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, àwọn tó sì fẹ́ gbapò wọn kò pọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́, a yìn yín tọkàntọkàn.

Kozo kò sì jìnnà sí wa. Wọ́n gbé igi náà wá sí Gánà lọ́dún 1969 láti fi wò ó bóyá yóò dára fún iléeṣẹ́ bébà, ó sì ti ràn nínú igbó débi pé àwọn onígbó ń kà á sí igi àìfẹ́. Ní Kumasi, àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fọwọ́ fi èèpo rẹ̀ ṣe bébà. Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba àti Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ kọ́ ọ níbẹ̀.