Ẹ Gbọ́ Tẹnu Pọ́ǹpù Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́bi

Ọkọ̀ tó ti dàgbà a máa kú sójú ọ̀nà láìdágbére. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á tún un kíìkì, ẹ́ńjìnnì á yí títí, kò ní gbaná. Bí mẹkáníìkì bá dé, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ọ̀gá, fúẹ̀lì pọ́ǹpù yín ló ti lọ.” Kò tíì yọ fíúùsì kan wò, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti wáyé. Wọ́n á ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Gate ní Ìbàdàn, owó á jáde, àga ẹ̀yìn á ṣí, pọ́ǹpù àtijọ́ á jáde, tòkúnbọ̀ mìíràn á wọlé. Nígbà mìíràn ọkọ̀ á gbéra lóòótọ́. Nígbà mìíràn, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, á tún kú síbi tó kú sí tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ la ń dá fún pọ́ǹpù epo lójoojúmọ́, àwa tí a ni ọkọ̀ la sì ń san owó ìtanràn. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún pọ́ǹpù, ó yẹ kí mẹkáníìkì fi nọ́ńbà méjì hàn án: agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo, àti iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ìdájọ́ kíákíá yìí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí Peugeot 504 àti Volkswagen Beetle gba ìgboro, tí wọ́n ń to ti àkọ́kọ́ ní Kàdúná, ti èkejì ní Èkó láti ọdún 1975, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù epo máa ń wà. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, yíyí ẹ́ńjìnnì ló ń tì í, agbára tó fi ń ti epo kì í sì í sábà ju psi 3 sí 6 lọ, nítorí pé kábúrétọ̀ kò béèrè jù bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì á tú ọ́ọ̀sì, á ní kí ọmọ iṣẹ́ kíìkì. Bí epo bá ń tú jáde, pọ́ǹpù yè, bí kò bá tú jáde, ó ti kú nìyẹn. Àyẹ̀wò náà pé pérépéré fún ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ onínjẹ́kítọ̀ ti gba ipò wọn, àwọn náà sì ti di àgbà ọkọ̀ lónìí. Nínú táǹkì ni pọ́ǹpù tiwọn wà, iná bátìrì ló ń yí i, inú epo gan-an ló ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2002, agbára tó gbọ́dọ̀ fi ti epo dé ọ̀dọ̀ injẹ́kítọ̀ wà láàárín psi 38 sí 50. Epo lè máa tú jáde lẹ́nu ọ́ọ̀sì yàà kí agbára rẹ̀ má tó 20. Ojú yóò rí epo, ẹ́ńjìnnì kò ní rí tirẹ̀ jẹ. Ojú kò lè ka psi, ìyẹn ni ìṣòro ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn pọ́ǹpù. Fíúùsì tó jó wà níbẹ̀, rílè tí ẹnu rẹ̀ ti dúdú wà níbẹ̀, wáyà tí ìpẹtà ti jẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, títí kan fítà epo tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti gba Kùtọnu wọlé. Èyí tó lágídí jù nínú wọn ni sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbó, ara gbígbóná ló ń pa á: ọkọ̀ á rìn dáadáa láti ilé, á kú nínú gósílóò, á sì jí lẹ́yìn tí ó bá ti sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pọ́ǹpù tó ń kú lọ náà máa ń ṣe. Wọ́n jọra bí ìbejì, ìwà kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà tí a ń kíìkì, kò ní jẹ́ kí iná máa lọ sí ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Sẹ́ńsọ̀ kú, pọ́ǹpù dákẹ́, mẹkáníìkì fetí sí táǹkì, kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì ní pọ́ǹpù ló kú. Kódà etí fífi gbọ́ yìí ń ṣini lọ́nà láwọn ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí pọ́ǹpù kùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lásán, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn Toyota àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá ń kíìkì gan-an ni pọ́ǹpù tiwọn ń jí. Ẹni tí kò mọ èyí yóò dá pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ le koko lẹ́jọ́ ikú nítorí pé kò kí i káàárọ̀.

Àyẹ̀wò tó ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kì í gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Á kọ́kọ́ tú epo tó há sínú páìpù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má baà fọ́n sí i lójú tàbí sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Á di géèjì mọ́ ojú ọ̀nà epo, á ní kí wọ́n kíìkì, á sì tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tó bá fò dé 44 tó sì dúró síbẹ̀ ti parí ẹjọ́: pọ́ǹpù kò ṣẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn lọ. Èyí tó bá dé 25 tó wá ń gbọ̀n ti fi hàn pé nǹkan kan kù káàtó lójú ọ̀nà, síbẹ̀ pọ́ǹpù nìkan kọ́ ló lè fà á. Lára ọkọ̀ tó ní ọ́ọ̀sì rọ́bà tó ń dá epo padà sí táǹkì, bí a bá fún ọ́ọ̀sì náà pọ̀ díẹ̀ tí abẹ́rẹ́ sì fò sókè lójijì, a jẹ́ pé agbára pọ́ǹpù pé, ohun tó ń ṣàkóso agbára epo ló ti ń jò. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n máa wo abẹ́rẹ́ náà lọ. Ó yẹ kí ó dúró. Bí ó bá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gba kíìkì mẹ́ta mẹ́rin láàárọ̀: yálà ilẹ̀kùn kékeré tó ń há epo mọ́ inú pọ́ǹpù ti gbó, tàbí injẹ́kítọ̀ kan ń kán epo. Gbogbo ìròyìn yìí lára abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo!

Nọ́ńbà kejì ni ti iná, ibẹ̀ sì ni àwọn tó gbìyànjú láti yẹ pọ́ǹpù wò ti máa ń ṣìṣe. Tẹ́sítà onígílóòbù ni wọ́n máa ń fi kan ẹnu wáyà. Gílóòbù tàn, wọ́n ní iná ń bọ̀, nítorí náà pọ́ǹpù ló kú. Ṣùgbọ́n gílóòbù kékeré yẹn kò jẹ tó ìdajì amp, nígbà tí pọ́ǹpù lè jẹ amp 4 sí 8. Wáyà tí ìpẹtà ti jẹ tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo lè tan gílóòbù kó mọ́lẹ̀ rokoṣo, kó má sì lè yí pọ́ǹpù. Mítà ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú pọ́ǹpù lórí wáyà náà nígbà tí ó yẹ kó máa ṣiṣẹ́. Bí fóòtì bátìrì bá jẹ́ 12 tó sì jẹ́ pé 9 ló dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, mẹ́ta ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀, ṣe ló lé alágbàárù kúrò nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́. Alágbàárù tuntun náà yóò bá kòtò kan náà pàdé.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yóò fi dá mi lóhùn. Wọn á ní ọwọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún kò nílò géèjì kó tó mọ pọ́ǹpù tó kú. Mi ò kó ìrírí wọn dànù. Bí wọ́n bá lu ìdí táǹkì tí ọkọ̀ sì jí, ẹ̀rí gidi ni, nítorí pé bọ́rọ́ọ̀ṣì inú pọ́ǹpù tó ti gbó máa ń jí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni ìrírí ń tọ́ka sí. Babaláwo tó dáńtọ́ gan-an a máa da ọ̀pẹ̀lẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Wọn á tún ní púpọ̀ nínú àwọn Toyota wọ̀nyí kò ní ẹnu tí a lè ki géèjì bọ̀. Òótọ́ ni, ó gba kí a tú bóòtù páìpù epo kí a fi irin asopọ̀ kan sí i. Ìdí rèé tí mi ò fi rò pé kí oníkálukú dá ra tirẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó wà nínú ọgbà kan náà ń yá ara wọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ń dá èsúsú. Géèjì kan pẹ̀lú irin rẹ̀ kò ju agbára èsúsú oṣù kan lọ. Àròyé tó wúwo jù lọ́dọ̀ mi ni ti àwa oníbàárà: a kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Páàtì tí a fojú rí là ń sanwó fún, a ń wo ẹni tó ní kí a san owó ìwádìí bí ẹni tó fẹ́ gbá wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ń san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kí dókítà tó kọ oògùn. Mẹkáníìkì tí kò rí nǹkan kan jẹ lórí àyẹ̀wò yóò jẹun lórí pọ́ǹpù, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bínú sí i.

Bí nọ́ńbà méjèèjì bá wá fi hàn pé pọ́ǹpù kú lóòótọ́, ìbéèrè kan ṣì kù: kí ló pa á? Kí wọ́n gbé asẹ́ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ síta nínú oòrùn. Funfun ni asẹ́ yìí nígbà tó jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, tí ó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí yanrìn sì ń dún nínú rẹ̀, ìpẹtà táǹkì àti ẹ̀gbin kẹ́ẹ̀gì ló ti fún pọ́ǹpù lọ́rùn. Pọ́ǹpù tuntun tí wọ́n bá sọ sínú táǹkì yẹn láìfọ̀ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́jọ́ tó dé. Epo fúnra rẹ̀ náà lè jẹ̀bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ó sì ti dé inú táǹkì àwọn ènìyàn kí wọ́n tó dá a dúró ní oṣù Kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti owó epo. Lítà kan tó wà ní nǹkan bíi 185 náírà kí wọ́n tó kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti kọjá 600 náírà kí oṣù Keje ọdún náà tó parí. Ta ló máa dá ẹni tó ń ra epo díẹ̀díẹ̀ lẹ́bi? Síbẹ̀, epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń tù ú lára. Bí iná ìkìlọ̀ epo bá ń tàn nígbà gbogbo, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, ó sì ń fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì mu. Ẹni tí kò lè rọ epo kún táǹkì, kí ó gbìyànjú kí ó má jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì lọ. Ní ti pípààrọ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n lo ọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún inú epo, nítorí pé ọ́ọ̀sì lásán máa ń wú ó sì máa ń là nínú bẹntiróòlù. Kí rọ́bà róbótó ẹnu táǹkì sì jẹ́ tuntun. Kí wọ́n tú orí nẹ́gátíìfù bátìrì kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun, kí jẹnẹrétọ̀ àti sìgá jìnnà síbẹ̀, nítorí pé òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ́ lọ títí yóò fi bá iná pàdé.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbà rárá, òun ni wáyà tààrà. Bí wọn kò bá rí ìdí tí iná kò fi dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, àwọn kan á fa wáyà láti bátìrì, á fi súìṣì kékeré sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á sì rìn. Wọ́n á ní ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n rílè tí wọ́n fò dá yẹn ló ń pa pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró lójijì. Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí páìpù epo já, pọ́ǹpù orí wáyà tààrà kò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Yóò máa tú epo sórí irin gbígbóná níwọ̀n ìgbà tí súìṣì bá wà ní títàn, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì wà nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ àgbà, kí ó wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lónìí. Bí ó bá bá irú súìṣì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kí ó gbé ọkọ̀ lọ fún rẹ́wáyà, kí wọ́n yọ súìṣì náà dànù, kí wọ́n wá ibi tí iná gan-an ti já, kí wọ́n sì fi hàn án lójú pé rílè ti padà sí àyè rẹ̀.