Ẹ Ṣí Ilẹ̀kùn Gbọ̀ngàn fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ ń gbé ní Kàdúná, Zaria, Kafanchan àti àyíká wọn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ẹ̀sùn yìí ní ìpàdé. Bí a bá ti ka owó ẹgbẹ́ tán, tí a gbọ́ ti aláìsàn àti ti ẹni tó bímọ, ẹnì kan á dìde, á ní fóònù ti ba àwọn ọmọ jẹ́. Á ní wọ́n ń kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹnì kan á gbé fóònù dání, èkejì á ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí ìbọn bà, wọ́n á da zobo sí i láyà pé ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á pé lé láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lórí, wọ́n á máa ya àwòrán. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní iṣẹ́ ọnà ni àwọn jọ ń ṣe. Àwọn àgbà kan á sì ní eré ọ̀lẹ ni.

Àwa tí a wà nídìí àkóso ẹgbẹ́ ti fara balẹ̀ wò ó, a kò gbà pé eré ọ̀lẹ ni. Ìbéèrè ni àwọn ọmọ yẹn ń bi, ó sì tọ́ kí a dá wọn lóhùn.

Ẹ wo ipò tí wọ́n wà. Ibí ni a bí wọn sí, ibí náà ni a bí bàbá àwọn mìíràn nínú wọn sí. Rélùwéè ló kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn wá. Èdè Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga tàbí kí wọ́n wá iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn, ìwé yẹn á sì dá wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìwó, níbi tí àwọn mìíràn kò dé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé wọn. Bí wọ́n bá sì dé ọ̀hún fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, àwọn ẹbí á gbọ́ ohùn wọn, wọ́n á ní, "Gàm̀bàrí ti dé." Níbí, Bayarabe ni wọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní àlejò nílé, tí wọ́n tún ń pè ní àlejò lóko, ṣé kò ní bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni mí?" Àwa àgbà máa ń fi ìpàdé àti aṣọ ẹgbẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Fíìmù, orin àti àwòrán ni àwọn fi ń wá ìdáhùn tiwọn.

Kì í ṣe òní ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Ní ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ní ilé-ìwé tí ó di Ahmadu Bello University ní 1962, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Zaria Art Society. Uche Okeke tó jẹ́ Igbo wà níbẹ̀, Demas Nwoko wà níbẹ̀, Bruce Onobrakpeya tó jẹ́ Urhobo, Yusuf Grillo tí a bí sí Èkó, àti Jimoh Akolo ọmọ Ẹ̀gbẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogi lónìí. Ọ̀nà òyìnbó ni àwọn olùkọ́ ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn yóò mú èyí tó dára níbẹ̀, àwọn yóò sì dà á pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn bá nílé baba àwọn. Ẹgbẹ́ náà kò pé ọdún mẹ́rin. Ó tú ká ní 1961 nígbà tí àwọn tó dá a sílẹ̀ jáde ilé-ìwé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà lónìí tí kò gbọ́ orúkọ wọn. Grillo padà sí Èkó, ó sì fi àwọ̀ bí aró ya àwọn obìnrin wa pẹ̀lú gèlè lórí. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà sí èdè òyìnbó ní 1968, Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ Urhobo tó kọ́ṣẹ́ ní Zaria ló ya àwọn iwin inú igbó Yorùbá fún gbogbo ayé rí.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé sí i. Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kàdúná níbí, tí wọ́n ń pe ara wọn ní The Critics Company, di ẹni tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ń ya fíìmù. Oṣù kan ni wọ́n fi tọ́jú owó kí wọ́n tó lè ra aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ta sára ògiri, kí kọ̀ǹpútà lè bá wọn fi ibòmíràn rọ́pò rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Fíìmù wọn kan, Z: The Beginning, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, oṣù méje ni wọ́n fi yà á. Ìròyìn wọn dé Amẹ́ríkà, J.J. Abrams, gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù, sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹnì kan bá ti gba fóònù yẹn lọ́wọ́ wọn pé eré ọ̀lẹ ni, ibo ni ìròyìn náà ì bá ti wá?

Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí ẹni tó dá a ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìlú bíi tiwa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ kò gbàgbé ọdún 2000, nígbà tí rògbòdìyàn ọ̀rọ̀ Ṣàríà gba Kàdúná. Ẹ̀mí lọ, ilé jó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé tipẹ́, Mùsùlùmí sí apá kan odò, Kìrìsìtẹ́nì sí apá kejì. Nígbà tí àwọn ọmọ apá méjèèjì bá jọ kóra jọ nítorí fíìmù kan, wọ́n ń tún ohun tí wọn kò bà jẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ wá lóminú. A ti rí fíìmù tí wọ́n ṣe tí ọba Yorùbá dé adé bíi ti ọba òyìnbó. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibo ni wọn ì bá ti rí adé ìlẹ̀kẹ̀? Ohun tó wà nínú fóònù ni wọ́n rí, òun náà ni wọ́n lò. Ọmọ tí kò gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ rí, kí ni yóò fi kọ orin? Bí a kò bá fún wọn ní tiwa, ti ẹlòmíràn ni wọn yóò máa ṣe, wọn yóò sì máa pè é ní Yorùbá.

Ìdí nìyí tí a fi ń dá a lábàá pé kí a ṣí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa fún wọn ní ọjọọjọ́ Sunday, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa gba owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣe ní yípo yípo. Kí àgbà kan máa jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ bí baba rẹ̀ ṣe dé ìlú yìí, kí ó ki oríkì ilé wọn, kí àwọn ọmọ sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Láti 2015 ni Kọ́lá Túbọ̀sún ti ń kó orúkọ Yorùbá jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi tirẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi orúkọ ilé wa kún un, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ̀rẹ́ wọn Hausa tàbí Gbagyi dání, kí a fún un ní àga.

Àwọn kan ti ní owó ìyálò gbọ̀ngàn yóò dínkù. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó sábà máa ń wà. A kò fọwọ́ kan Sátidé. Àwọn kan ní kí a má mú òrìṣà wọ inú ẹgbẹ́ tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ìsìn. Kí a fi òfin sí i: wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò gbọdọ̀ ya ẹni tí kò fọwọ́ sí i, kí òbí sì mọ ibi tí ọmọ wà. Ilé-ìwé ṣì ni àkọ́kọ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹ wá, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọlọ́run yóò bá wa dá wọn sí, wọn kò ní di àjèjì sí ara wọn. Àmín.