Mi Ò Da Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Lórí Táǹkì

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀ ìjàpá tó dúró gbọnin níwájú ilé wa ní Bẹ́yẹrunkà láti ìgbà òjò. Táǹkì epo rẹ̀ ló jẹrà.

Bàbá mi ló ni ín. Ó wà lára àwọn Volkswagen tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, ní ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Òun ni bàbá fi ń lọ ọdún nílùú òkèèrè. Lẹ́yìn tí wọ́n papòdà, a ò gbé e jáde mọ́ tó bó ṣe yẹ, epo díẹ̀ la sì ń fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó pa táǹkì náà nìyẹn. Ibi tí epo ò dé, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí òru bá tutù, afẹ́fẹ́ á sẹ omi sára irin, omi á ṣàn lọ sábẹ́ epo torí pé ó wúwo jù ú lọ, ibẹ̀ ni yóò dúró sí tí yóò máa jẹ irin. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Mápó, tó wo bí páànù wa ṣe pọ́n láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, mọ ohun tí omi ń fi irin ṣe.

Òkè Mápó yìí náà ni àìsàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Bí mo bá ti ń gùn ún, ọkọ̀ á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́. Mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀, ó bá ìyẹ̀ pupa níbẹ̀ bí osùn. A fọ̀ ọ́, lọ́sẹ̀ kejì ó tún dí. Nígbà tó yá, òórùn epo bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ọkọ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lókè ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó, ni táǹkì wà. Ọmọ ọmọ mi ló sì máa ń jókòó níwájú.

Mo pe ọmọ kan tó ń jórin ládùúgbò. Ó gbá ìdí táǹkì, ó ní ihò méjì péré ni, òun á lẹ irin mọ́ ọn, òun á jó o pa. Mo ní, "Epo ti wà nínú ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá Awo, ẹ jẹ́ á dà á nù. Tó bá ti gbẹ, kò séwu. Ẹ sáà bá mi bọ Ògún, kẹ́ ẹ fún mi ní nǹkan tí iná ò fi ní mú mi."

Mi ò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, mi ò gbé obì. Mo ní mi ò ṣe é. Táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Oru epo tí a kì í rí, tó bá ti pò mọ́ afẹ́fẹ́, òun ló ń bú gbàmù. Kì í fò lọ bí èéfín igi, ilẹ̀ ló ń sùn sí, ó sì ń fara pamọ́ sínú ìpẹtà àti oríkèé irin, kódà bí a bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ sí yàrá kan náà pẹ̀lú fìtílà ojúbọ, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o.) Inú agbo ilé wa ló sì fẹ́ ti jó o, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà.

Inú bí ọmọ náà. Ó ní ṣé Ògún ò lágbára mọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tó ò ń ṣe fún ẹlòmíì, o ò gba tìẹ gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀. Mo ní alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún láràárọ̀, ṣé ọwọ́ lásán ló fi ń mú irin tó pọ́n? Ẹ̀mú ló fi ń mú un, Ògún náà ló sì ni ẹ̀mú. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Mo bá gba Aráròmí lọ ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀. Táǹkì ìjàpá kì í ṣe ọ̀kan náà: àwọn kan, àfi kéèyàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó lè rọ epo sí i, àwọn mìíràn, ẹ̀gbẹ́ níta ni ẹnu wọn wà. Ọ̀sán méjì ni mo fi wá a. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó ń dán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ (tọ́ọ̀ṣì o, kì í ṣe ìṣáná), inú rẹ̀ burú ju tèmi lọ. Èkejì mọ́, òun ni mo rà.

Bóòtì mẹ́rin péré ló de táǹkì mọ́ ọkọ̀. A kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, a fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa epo tó kù, kò sẹ́ni tó fi ẹnu fà á. A pààrọ̀ rọ́bà epo àti fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ajórin yẹn náà ló bá wa gbé e wọlé, mo sì sanwó iṣẹ́ fún un. Ìgbà tí a ṣe tán la wá bọ Ògún: iṣu sísun, ẹmu, obì. Òun ni mo ní kó da obì. Ó yàn.

Ọkọ̀ ti gun Mápó lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí, kò wúkọ́. Táǹkì àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé títí àwọn tó ń ra irin àlòkù á fi dé, mo bu omi kún un dé ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ fi í ṣe ààrò. Mo ní rárá.