Ẹ Jẹ́ Ká Máa Tún Ìwé Àlàyé Ṣe Lórísun
Ìpè sí àwọn tó ń kọ kóòdù ní Benin City

Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù láti Ugbowo títí dé Edo Innovation Hub, ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tó ni ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ̀ yín la gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìwé àlàyé àwọn láíbìrì ìjíṣẹ́ tí a ń lò kì í bá kóòdù mu nígbà gbogbo. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ á sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a máa tún ìwé náà ṣe níbi tó ti ṣẹ̀ wá, kí a sì máa ka àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ gidi.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Bí o bá fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ètò tó gba àṣẹ lẹ́nu rẹ yóò ránṣẹ́ sí èyí tó ń yọ owó, ìyẹn náà yóò ránṣẹ́ sí èyí tó ń fi alẹ́ẹ̀tì ṣọwọ́. Láíbìrì ìjíṣẹ́ ni ìránṣẹ́ àárín wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n ìyẹn. Bí a bá ṣe tò ó ló ṣe máa jẹ́ ẹ. Inú ìwé àlàyé la sì ti ń mọ bí wọ́n ṣe tò ó, pàápàá ohun tó máa ṣe nígbà tí a kò pàṣẹ kankan fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí náírà wọ́n, tí tiransífà kò sì fẹ́ lọ mọ́, ta ni kò mọ bí ìyà iṣẹ́ tí kò dé ibi tí a rán an ṣe ń rí? Ohun mìíràn ló fa tìyẹn, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó.

Ẹ̀rí méjì

Ọ̀kan nínú àwọn láíbìrì ìjíṣẹ́ ni ZeroMQ. Nínú ẹ̀yà 2 rẹ̀, iṣẹ́ tó lè tò dúró kò ní òǹkà, bí a kò bá fi òfin dè é. Láti ẹ̀yà 3, òǹkà náà di 1,000. Bó bá jẹ́ irú ìjíṣẹ́ tí ẹnì kan ń kéde fún ọ̀pọ̀, iṣẹ́ tó bá lé lórí òǹkà yẹn, dídà ló ń dà á nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ka ojú ìwé àtijọ́, tó sì ń lo láíbìrì tuntun, yóò rò pé gbogbo rẹ̀ ló ń dé.

Ti Kafka, ètò ìjíṣẹ́ mìíràn, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já kí ìdáhùn tó dé, olùránṣẹ́ yóò tún iṣẹ́ rán, iṣẹ́ kan náà sì lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì bí kò bá sí ààbò. Bí iṣẹ́ ọ̀hún bá jẹ́ “yọ ₦20,000” ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀yà 3.0.0 jáde ní 2021, ìwé àlàyé ní ààbò náà ti wà ní títàn fúnra rẹ̀. Kò sí ní títàn. Àléébù kan nínú kóòdù dí i lọ́wọ́, àfi fún ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 3.1.0. Ní 2022 ni wọ́n tún un ṣe nínú 3.0.1, 3.1.1 àti 3.2.0, wọ́n sì kọ àṣìṣe náà sílẹ̀ ní gbangba.

Ẹ kíyè sí i pé inú kóòdù gan-an ni Kafka ti ń fa tábìlì ìtò inú ìwé àlàyé rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ tẹ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò mọ̀ pé láíbìrì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó dán an wò ló lè mọ̀.

Àwọn tó ń jiyàn

Wọ́n ní, “Ta ni wá tí a ó fi tún ìwé àwọn òyìnbó ṣe?” Ojú ibi kan náà ni ìwé ZeroMQ àti kóòdù rẹ̀ jọ wà, ẹnikẹ́ni ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ̀rí ni wọ́n sì máa ń yẹ̀ wò. Wọ́n tún ní kò sówó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2019 ni Google gbé ètò Season of Docs kalẹ̀, wọ́n sì fi sanwó fún àwọn tó kọ ìwé àlàyé. Àwọn mìíràn ní WhatsApp yá ju ìyẹn lọ. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní bá ìdáhùn yẹn níbẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́

1. Kí UNIBEN àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àtúnṣe tí àwọn tó ni láíbìrì ti gbà wọlé sínú logbook ìkọ́ṣẹ́ SIWES rẹ̀, kí ó sì ní máàkì.

2. Kí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ láyè láàárín wákàtí iṣẹ́ láti fi àtúnṣe ránṣẹ́, kí wọ́n sì kà á mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà ìgbéga.

3. Kí àwọn tó ń kọ́ni ní kóòdù kọ́ni ní àyẹ̀wò pẹ̀lú: mú gbólóhùn kan nínú ìwé, kọ kóòdù kékeré tó dán an wò, sọ nọ́ńbà ẹ̀yà tí o lò, kí o sì dábàá gbólóhùn tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Àròyé tí kò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò tíì di àtúnṣe.

4. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó fi í sínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ̀ǹpútà pé ìwé àlàyé gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yà tí wọ́n fi jíṣẹ́ mu, kí wọ́n tó gba owó tó kù.

Ẹ má dúró de òfin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé láíbìrì tí ẹ ń lò lónìí, ẹ wo ohun tó ní yóò ṣe bí a kò bá pàṣẹ kankan, kí ẹ sì dán an wò bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ibi tó yẹ kí ẹ kọ ọ́ sí.