Napa ní orúkọ lára ìgò, ẹmu Afijió ńkọ́?

Robert Mondavi ti lé ní 50 ọdún nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ jà lórí ilé iṣẹ́ ọtí ìdílé wọn. Lọ́dún 1966, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní Napa, ní Kalifọ́níà. Nígbà yẹn, wáìnì Faransé lọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ojúlówó. Mondavi polongo Napa, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Lọ́dún 1976, ní Paris, àwọn adájọ́ ọmọ Faransé tọ́ wáìnì wò láì mọ ti ta ni. Méjì tó ti bá Mondavi ṣiṣẹ́ rí, Warren Winiarski àti Mike Grgich, ló gba ipò kìíní. Mondavi kú lọ́dún 2008, orúkọ Napa ò kú.

Ẹ wá wo Fìdítì àti Ìlọrà. Arìnrìn-àjò tó ń gba ọ̀nà àtijọ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ ọsàn Fìdítì, àmọ́ tó bá dé Èkó, ọsàn lásán ni. Ti ẹmu tún le jù. Inú kẹ́ẹ̀gì tí kò lórúkọ ló ń wọ̀, tó bá fi máa dọjọ́ kejì, ó ti kan. Ṣebí NIFOR ní Benin ti ń rọ ẹmu sínú ìgò tipẹ́, tí iná díẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè kan?

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Afijió bá àwọn adẹ́mu wá ẹ̀rọ, ìgò àti nọ́mbà NAFDAC. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ ìlú yín sí i. Torí tówó ò bá sí nídìí ẹmu, lọ́jọ́ tí àgbà adẹ́mu bá gbé igbà kọ́, ta ló máa gbé e?