Ta Ló Sọ Pé Ọkùnrin Ló Ni Òórùn Igi?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní oṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń wọ kíláàsì báyìí ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bọ̀ọ̀dá ti dé o!" Mo wẹ̀yìn wò, mi ò rí bọ̀ọ̀dá kankan. Èmi ni wọ́n ń pè. Òórùn tó wà lára mi ló fà á. Kó tó di àkókò ìsinmi, orúkọ yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn SS1. Àgbàlagbà kan tó yẹ kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irú òórùn ọkùnrin wo lèyí lára ọmọbìnrin?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi para. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta òróró lọ́fínńdà, àwọn tí wọ́n máa ń rọ sínú ìgò kéékèèké yẹn. Èyí tó fún mi ni wọ́n ń pè ní Santal. Kì í ṣe ojúlówó o, a ò lówó ojúlówó. Wọ́n ṣe é kó jọ Santal 33 ni, lọ́fínńdà tí ilé-iṣẹ́ Le Labo ní New York gbé jáde lọ́dún 2011. Santal ni àwọn Faransé ń pe igi sandalwood, 33 sì ni iye èròjà tí wọ́n ní àwọn pò pọ̀. Òórùn rẹ̀ kò dùn bíi súìtì, kò sì ta sánsán bí òdòdó. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kọjá lẹ́yìn òjò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la pákó, tí ẹnì kan sì gbé bàtà aláwọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó ṣe é kò kọ "ti ọkùnrin" sára ìgò, wọn ò sì kọ "ti obìnrin."

Ibi tó ti dùn mí gan-an nìyí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀), ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló ti ra tiẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n ti rọ ọ́. Nígbà tí òun lò ó wá, wọ́n ní, "Ọ̀gá! O ń ta sánsán bí olówó." Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ sọ pé àwọn tó bá ń lo irú òórùn yẹn máa ń jẹ́ onírònú, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọmọkùnrin yìí, ṣé ó máa ń dákẹ́? Ṣebí orúkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wà nínú ìwé àwọn aláriwo! Òróró kan náà o. Ó dé ara tiẹ̀, ó di ọ̀gá. Ó dé ara tèmi, ó di ẹ̀sín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní igi kì í ṣe òórùn obìnrin, kí lẹ fẹ́ sọ nípa osùn? Igi mà ni osùn. Igi yẹn ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi ń kun ìyàwó, tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, wọn kì í sì í kọ́kọ́ béèrè bóyá akọ lọmọ náà àbí abo. Tùràrí ńkọ́? Bí wọ́n bá da tùràrí sórí ẹ̀yinná, èéfín yẹn ń wọ agbádá bàbá, ó ń wọ ìró ìyá. Àwọn Lárúbáwá ń lo oud, tí òun náà jẹ́ òórùn igi, tọkùnrin tobìnrin wọn ló sì ń fi para. Àwọn òyìnbó tó ń pín lọ́fínńdà sí apá ọ̀tún àti apá òsì nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an, lọ́dún 1994 ni Calvin Klein gbé CK One jáde pé kí tọkùnrin tobìnrin jọ máa lò ó, ó sì tà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìwà tí wọ́n ń so mọ́ ọn yẹn ló tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà máa ń kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ẹni tó ń lo Santal jẹ́ ẹni tó ṣe é fọkàn tán, tí kì í bá èrò rìn. Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Ó ní irọ́ yẹn ló ń ra dátà tí mò ń lò. (Mo dákẹ́.) Àwọn Le Labo fúnra wọn ní àwòrán ìpolówó sìgá Marlboro àtijọ́ ló fún àwọn ní èrò náà: ọkùnrin kan lórí ẹṣin nínú aginjù Amẹ́ríkà, òun nìkan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ará New York lò ó débi pé ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé kò síbi téèyàn ò ti ní gbóòórùn rẹ̀. Báwo ni gbogbo ìlú ṣe wá jẹ́ ẹni tí kì í bá èrò rìn?

Èmi náà ti ṣìnà rí o. Ọkùnrin kan jókòó tì mí nínú kórópe, òórùn igi bíi tèmi ló wà lára rẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé èèyàn gidi rèé. Nígbà tó máa sọ̀, kò sanwó, ó tún bú kọ̀ńdọ́kítọ̀. Èéfín nìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ti inú ìgò rú jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí òórùn mi sọ nípa mi, òun nìyí: ẹ̀gbọ́n mi ń ta lọ́fínńdà, ọ̀fẹ́ sì ni tèmi. Ó tún sọ pé mò ń wọ ọkọ̀ méjì, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn kí n tó dé ilé-ìwé. Àwọn tó ń ta sánsán bí ọsàn ti máa ń fò lọ kí n tó dé géètì. Òórùn igi kì í tètè fò lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ pé mo fẹ́ di ọkùnrin níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kan péré ni mo gbà. Ẹnì kan tó jókòó nítòsí mi ní ikọ́ fée. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ fún mi pé òórùn náà ń há òun láyà. Kò pè mí ní bọ̀ọ̀dá, kò rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé imú ẹni tó bá para máa ń mọ́ra kíákíá, á rò pé òórùn ti lọ, á tún fi kún un. Mo máa ń fi kún un ní àkókò ìsinmi. Bí àwọn olùkọ́ wa bá fẹ́ ṣòfin, kí wọ́n ṣe é lórí ìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má fi lọ́fínńdà tó le wọ kíláàsì. Kí òfin náà sì mú àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fọ́n ara wọn bí ẹni ń fín ẹ̀fọn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

Ìgò mi wà nílé báyìí. Nítorí ẹni tó ní ikọ́ yẹn ni mo ṣe gbé e sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin á tún gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún, lórí pápá, níbi tí atẹ́gùn ti pọ̀.