A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ta ló ni kóòtà ṣúgà?

Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé: kó o tó pariwo ẹ̀tọ́, wo orúkọ tó wà lórí ìwé ná. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ti rántí àwọn àgbẹ̀ Ireland.

Bíìtì ni wọ́n ń gbìn, irúgbìn oníṣu tí wọ́n ń ṣe ṣúgà lára rẹ̀ bí àwa ṣe ń ṣe é lára ìrèké. Yúróòpù ń pín kóòtà nígbà náà: iye ṣúgà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè ṣe, tí wọ́n sì fọwọ́ sọ owó rẹ̀ yà. Ti Ireland tó nǹkan bí 199,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Lọ́dún 2006, Yúróòpù yí òfin padà. Wọ́n fẹ́ gé iye owó ṣúgà kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní iléeṣẹ́ tó bá dá kóòtà padà, tó sì tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, máa gba 730 yúrò lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé? Greencore, kì í ṣe àgbẹ̀. Greencore dá kóòtà padà, ilé ìṣeṣúgà tó kù ní Mallow sì kógbá sílé lọ́dún yẹn gan-an. Lóòótọ́, òfin ní kí ó kéré tán ìdá mẹ́wàá owó náà kan àgbẹ̀ àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tà á?

Lọ́dún 2017, Yúróòpù pa kóòtà rẹ́ pátápátá, kí kálukú ṣe iye tó bá wù ú. Ireland ò ní ilé ìṣeṣúgà kankan mọ́.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá. Ìjọba wa náà ń pín kóòtà o. Lábẹ́ ètò ṣúgà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló ń gba àṣẹ láti kó ṣúgà tí wọn ò tíì fọ̀ wọlé, lórí àdéhùn pé wọ́n á gbin ìrèké nílé. Ó dáa. Àmọ́ orúkọ iléeṣẹ́ náà ló tún wà lórí ìwé.

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀: kí òfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbẹ̀ tó ń gbin ìrèké fún iléeṣẹ́ ní ìpín nínú kóòtà, kó sì ní àga níbi tí wọ́n ti ń pín in. Ìlérí ẹnu kì í ṣe òfin. Wọ́n fá orí àgbẹ̀ Ireland lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá ti àgbẹ̀ wa bẹ́ẹ̀.